Ẹ gbé igi sáàárín wọn: bẹ́ ẹ ṣe lè mú onísáyẹ́ǹsì àti oníṣẹ́ ọnà jọ ṣiṣẹ́ ní Kétu àti Àjàṣẹ́

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán ọ̀rọ̀ yìí wò, agbẹ́gilére mẹ́ta ló sùn lọ lójú mi. Wọ́n sùn gan-an ni o, ọ̀kan ń hanrun. A wà nínú gbọ̀ngàn kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, lórílẹ̀-èdè Benin, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ wá, onísáyẹ́ǹsì kan dúró níwájú, ó ń fi àwòrán hàn wá lára ògiri, Faransé ló ń sọ, ó ń ṣàlàyé bí omi ṣe ń rìn nínú igi, wákàtí kan àbọ̀ ló fi sọ̀rọ̀ láì mumi. Nígbà tó parí, ó ní ṣé ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Bàbá kan lajú, ó tún fìlà ẹ̀ ṣe, ó ní: "Ọmọ mi, ìgbà wo la máa jẹun?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, onísáyẹ́ǹsì náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo ti mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́. Bàbá ò jẹ̀bi. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà ò jẹ̀bi. Èmi tí mo pè wọ́n ni mo jẹ̀bi, torí mo rò pé tí mo bá ti kó àwọn tó mọ̀wé àti àwọn tó mọṣẹ́ sínú yàrá kan, ọ̀rọ̀ á kàn máa jáde fúnra ẹ̀. Kò jáde. Látìgbà yẹn mo ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan, ní Kétu àti ní Àjàṣẹ́, àwọn kan dùn, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ tò síbí, fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ládùúgbò tiẹ̀ láìsí owó ńlá lọ́wọ́.

Ẹ wo Kétu ná. Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni, ijó oníbòjú tí wọ́n fi ń bọlá fáwọn ìyá, tí àjọ UNESCO kéde ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni. Ní Kétu yìí kan náà ni yunifásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà, tí wọ́n ti ń kọ́ nípa igi, nípa ilẹ̀, nípa kòkòrò. Akẹ́kọ̀ọ́ á gun zémì (ọ̀kadà) kọjá níwájú ilé agbẹ́gilére láàárọ̀, á tún gbabẹ̀ padà nírọ̀lẹ́, ọdún mẹ́ta gbáko, kò ní yà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àjàṣẹ́ náà ò yàtọ̀. Dangbo tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò àti físíìsì tí wọ́n ń pè ní IMSP wà ò jìnnà rárá, wọ́n ti dá a sílẹ̀ láti 1988. Songhaï tí fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú, níbi tí ìgbẹ́ ẹran ti ń di gáàsì ìdáná. Àwọn ayàwòrán, àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn onílù kún ìgboro. Wọ́n kàn jọ ń gbé ni, wọn ò jọ ń ṣe nǹkan kan.

Kì í sì í ṣe àwa la máa kọ́kọ́ ronú ẹ̀. Oṣù kẹwàá 1966, ní New York, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Billy Klüver àti ayàwòrán Robert Rauschenberg kó oníṣẹ́ ọnà 10 pọ̀ mọ́ nǹkan bí ẹnjiníà 30 láti ilé iṣẹ́ ìwádìí Bell Labs, ayàwòrán wà ńbẹ̀, oníjó wà ńbẹ̀, olórin wà ńbẹ̀, wọ́n fi alẹ́ mẹ́sàn-án ṣeré fáwọn èèyàn. Láwọn alẹ́ kan ẹ̀rọ kọ̀, àwọn èèyàn jókòó ń retí, wọ́n ń kùn. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ E.A.T. ti jáde, tó ń fi ẹnjiníà mọ oníṣẹ́ ọnà. Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn yẹn ni pé ẹnjiníà ò wá sọ àsọyé, wáyà ló wá so.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá nǹkan tí ọwọ́ méjèèjì lè dì mú

Ẹ má fi àkòrí bẹ̀rẹ̀. "Sáyẹ́ǹsì àti Àṣà", "Ìmọ̀ fún Ìdàgbàsókè", gbogbo ìyẹn dáa lára bánà, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Ẹ fi ohun tó wà nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ohun tó wúwo, tó ń rùn, tó ń dún. Èmi ti lo igi, mo ti lo aró, mo ti lo ìlù.

Ìlù ló rọrùn jù tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó yá. Ọmọ kékeré mọ̀ pé téèyàn bá fún ọṣán gángan, awọ á le, ohùn á sì ròkè. Ohun tí onífísíìsì á fi kún un ni pé ohùn kì í ròkè ní ìwọ̀n kan náà téèyàn fi ń fún un. Nínú ìṣirò, kí iye ìgbà tí awọ ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tó di ìlọ́po méjì, agbára tó ń fa awọ yẹn gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ sọ ìyẹn fún onílù kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀. Èyí tí mo sọ fún, apá ara ẹ̀ ló kọ́kọ́ wò, ó wá ní, "Áà, ìdí ẹ̀ rèé tó fi ń dùn mí nígbà tí mo bá ń pe oríkì." Láti ibẹ̀ lọ, ẹ ò ní láti bẹ̀ ẹ́ mọ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Ìkẹrin tí mi ò tíì ṣe àmọ́ tó wà lọ́kàn mi ni bídọ̀n, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì oníke. Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n bí ní 1962, bídọ̀n tí wọ́n fi ń kó epo kpayo (bẹntiróòlù fàyàwọ́) ló fi ń ṣe ìbòjú, ó fi iṣẹ́ tó fi bídọ̀n ṣe gba ẹ̀bùn Arnold Bode níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà documenta ní Jámánì ní 2007. Ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń kó epo yẹn máa ń fi iná ra bídọ̀n kó lè wú, kó gbà sí i. Irú ike tí wọ́n fi ń ṣe bídọ̀n máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 130 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, kó tó débẹ̀ ó ti ń rọ̀. Ẹni tó ń fi iná ra á ò ní tẹmómítà kankan, ojú àti ọwọ́ ló fi ń mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ẹ fi ẹni yẹn, ayàwòrán kan, àti onímọ̀ kẹ́míkà kan jókòó sídìí bídọ̀n òfìfo, ẹ máa wò ó (kó ṣófo o, kẹ́ ẹ sì ti fọ̀ ọ́ tónítóní, ẹ má lọ fi bídọ̀n tó ń rùn epo sídìí iná torí ohun tí mo kọ).

Ìgbésẹ̀ 2: Ìbéèrè gbọ́dọ̀ tẹnu oníṣẹ́ ọnà jáde

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe, mo sì rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Bó ṣe sábà máa ń rí ni pé onísáyẹ́ǹsì ti parí iṣẹ́ ẹ̀, ó wá ń wá ẹni tó máa bá a yà á kó lẹ́wà, tàbí ẹni tó máa fi kọrin "ẹ fọwọ́ yín". Ìyẹn kì í ṣe pàṣípààrọ̀, iṣẹ́ lẹ gbé fún un, ẹ sanwó ẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n jọ ṣe nǹkan, ẹ lọ bá oníṣẹ́ ọnà nídìí iṣẹ́ ẹ̀, ẹ lọ tó ẹ̀ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ tó dárúkọ onísáyẹ́ǹsì rárá. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ kí i, ẹ jókòó, ẹ wo iṣẹ́. Ìgbà kejì, bákan náà. Ẹ má bi í pé "Bàbá, kí lẹ fẹ́ kí sáyẹ́ǹsì ṣe fún yín", owó ló máa rò pé ẹ fẹ́ fún òun. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni: "Bàbá, kí ló ń bí yín nínú jù nídìí iṣẹ́ yìí?"

Bàbá agbẹ́gilére kan tí mo bi, Kétu ló ń gbé, kò tiẹ̀ ronú kó tó dáhùn. Ó ní: "Ọyẹ́."

Ó wá ṣàlàyé. Tó bá gbẹ́ ère lásìkò òjò, igi rọ̀, àáké ń wọlé bíi pé ọṣẹ ni, iṣẹ́ ń yá. Ẹnì kan á wá láti Kútọnù rà á, á kùn ún, á gbé e sílé. Tó bá di oṣù kìíní tí ọyẹ́ dé, ère á là láti iwájú orí títí dé àgbọ̀n. Oníbàárà á pe Bàbá lórí fóònù pé iṣẹ́ ẹ̀ ò dáa. "Ṣé èmi ni mo ni ọyẹ́?" bó ṣe sọ nìyẹn.

Ìbéèrè sáyẹ́ǹsì gidi nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì fi Faransé kọ ọ́ fún un.

Ìgbésẹ̀ 3: Àwọn wo lẹ máa pè

Mẹ́rin sí mẹ́rin ti tó. Tó bá ti lé ní mẹ́wàá, ìpàdé ni, á ti di pé wọ́n ń yan alága.

Lápá sáyẹ́ǹsì, ẹ fi ọ̀gá àgbà sílẹ̀ ná. Kò ní àyè, tó bá sì wá, gbogbo àwọn tó kù á máa wo ojú ẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé, tàbí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ nínú làbó, àwọn wọ̀nyí ni ọwọ́ wọn mọ nǹkan. Mo ní ọ̀nà kan tí mo fi ń dán wọn wò: mo máa ń ní kí onítọ̀hún kọ́ mi ní nǹkan kan tó ń fọwọ́ ṣe lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Tó bá dìde wá nǹkan, ó dáa. Tó bá ṣí kọ̀ǹpútà láti fi slide hàn mí, mo máa kí i, mo máa máa lọ.

Àwọn kan á ní àwọn ò mọ àwòrán yà, àwọn ò mọ orin, àwọn á kàn wá dójú tì ara wọn. Ẹ sọ ti Santiago Ramón y Cajal fún wọn, ará Sípéènì, tó fẹ́ di ayàwòrán nígbà tó wà lọ́mọdé, tí bàbá ẹ̀ ní rárá, iṣẹ́ dókítà ni. Ó ṣe dókítà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń wo ọpọlọ lábẹ́ maikirosikóòpù, ọwọ́ ara ẹ̀ náà ló fi ń ya ohun tó rí, ẹ̀ka lórí ẹ̀ka bí igi, wọ́n sì fún un ní Nobel ní 1906.

Lápá oníṣẹ́ ọnà, ẹ má pe àgbà nìkan, ẹ pe ọmọ iṣẹ́ kan mọ́ ọn, torí ọmọ iṣẹ́ ló máa béèrè ohun tí ọ̀gá ń tijú láti béèrè. Ẹ sì pe obìnrin, ní ìhà méjèèjì. Mo rò pé mi ò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó bá mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé ògbufọ̀. Ní Àjàṣẹ́, ẹnì kan á máa sọ Ègùn, ẹnì kan Yorùbá, onísáyẹ́ǹsì ò mọ orúkọ ohun tó ń kọ́ àfi ní Faransé. Ògbufọ̀ tó dáa ni ẹni tó máa dá wọn dúró pé "ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn, ẹ tún un sọ." Ẹni tó ń tijú láti béèrè, kò lè ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìyọ̀ǹda, owó, orúkọ

Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ilé. Kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun tó jẹ mọ́ ọn jáde, ẹ lọ kí Ìyáláṣẹ̀, ẹ lọ kí àwọn àgbà tó ni ín, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, kẹ́ ẹ sì béèrè ohun mẹ́ta: kí lẹ lè yà ní fọ́tò, kí lẹ ò gbọ́dọ̀ yà, kí lẹ ò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Tí wọ́n bá ní rárá, rárá ni. Àwa igi tuntun la lò, igi tí wọn ò tíì fi ṣe nǹkan kan, kò sẹ́ni tó bá wa jà.

Owó wá ńkọ́? Onísáyẹ́ǹsì tó wá lọ́jọ́ Jímọ̀, owó oṣù ẹ̀ ò dín. Agbẹ́gilére tó wá lọ́jọ́ Jímọ̀, kò gbẹ́gi lọ́jọ́ yẹn, kò rówó. Nítorí náà, ẹ bi í ní iye tó ń rí lóòjọ́, ẹ san án fún un láàárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́, kì í ṣe "a máa pè yín". Tówó bá kéré, ẹ dín ọjọ́ kù, ẹ má dín owó ọjọ́ kù.

Orúkọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn ìpàdé wa, ẹnì kan gbé fọ́tò ère Bàbá kan sínú iṣẹ́ tó lọ kà níbì kan, kò sórúkọ Bàbá ńbẹ̀, "masque, Kétou" (ìbòjú, Kétu) ló kọ sábẹ́ ẹ̀. Ọmọ Bàbá rí i lórí fóònù. Ẹ ò fẹ́ mọ ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Látìgbà náà, ojú ewé kan la máa ń kọ kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé fóònù sókè, a máa ń kà á sétí gbogbo èèyàn ní Yorùbá: fọ́tò ta ni, orúkọ ta ló máa wà lábẹ́ ẹ̀, ta ló lè kọ̀wé nípa ẹ̀, tówó bá tìdí ẹ̀ wá báwo la ṣe máa pín in. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ẹni tí ò bá fẹ́ fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ pààrọ̀ ọwọ́

Oúnjẹ lẹ máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tèmi. Ẹ̀kọ àti ẹ̀wà, omi tútù, kí gbogbo èèyàn jẹun lórí ẹní kan náà.

Ibi tẹ́ ẹ máa lò, agbo ilé oníṣẹ́ ọnà ni, kì í ṣe gbọ̀ngàn. Lábẹ́ igi ọ̀dán kan ní Kétu la wà.

Àárọ̀, onísáyẹ́ǹsì di ọmọ iṣẹ́. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ nípa igi wà pẹ̀lú wa, ó ti wo igi lábẹ́ maikirosikóòpù fún ọdún mẹ́rin, kò gbé àáké rí. Bàbá gbé e fún un. Ó gé e lẹ́ẹ̀mẹta, àáké yọ̀, ó fò sí ẹ̀gbẹ́. Bàbá ò sọ nǹkan kan, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó yí igi díẹ̀, bóyá ìka mẹ́rin péré ló fi yí i, ó ní, "Gé e báyìí." Àáké wọlé, èérún igi jáde gùn bí ọwọ́. Ọmọ yẹn wo èérún igi yẹn títí, ó wá ní lédè Faransé pé ohun tí òun ti ń yà sínú ìwé láti ọjọ́ yìí, bí àwọn okùn inú igi ṣe to ara wọn, òun ò mọ̀ rí pé apá èèyàn lè gbọ́ ọ. Ògbufọ̀ sọ ọ́ fún Bàbá. Bàbá ní, "Igi ló ń sọ fún un."

Ọ̀sán, ẹ yí i padà. Agbẹ́gilére di ọmọ iṣẹ́: ó wọn igi lórí òṣùwọ̀n, ó kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ó fi lẹ́ǹsì wo ojú igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Òfin kan ṣoṣo la ní: wákàtí kìíní, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Ẹ fi hàn án, ẹ jẹ́ kó ṣe é, ẹ pa ẹnu mọ́. Ó le fún àwọn olùkọ́, ẹ máa rí i tí wọ́n máa gbé ẹnu mì.

Ìgbésẹ̀ 6: Iṣẹ́ fúnra ẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́

Ọjọ́ kan ò tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ṣe ti igi yìí, kẹ́ ẹ lè ṣe é bó ṣe wà tàbí kẹ́ ẹ fi ṣe òdiwọ̀n fún tiyín.

Gẹdú tútù kan, láti ara igi kan náà, ni wọ́n gé sí mẹ́rin, gígùn kan náà, ìsanra kan náà. Ẹyọ kìíní, a fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Èkejì, a yọ́ àbẹ́là, a fi kun ojú méjèèjì tí ayùn ti gé e. Ẹ̀kẹta, Bàbá gbẹ́ inú ẹ̀ jáde bó ṣe máa ń gbẹ́ inú ère tó máa jókòó lórí èèyàn. Ẹ̀kẹrin, ó gbẹ́ inú ẹ̀, a tún fi àbẹ́là kun ojú ibi tí wọ́n gé. A tò wọ́n sórí pákó níbi tí òòrùn ò dé. Láràárọ̀, aago méje, ọmọ iṣẹ́ Bàbá á gbé wọn sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, irú èyí tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan, á kọ ọ́ sínú ìwé, á ya fọ́tò, á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Oṣù kejìlá ni, ọyẹ́ ti ń dé. Ẹ má ṣe é lásìkò òjò, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí omi inú igi ṣe pọ̀ tó, ẹ gé èérún kan lára ẹ̀, ẹ wọn ọ́n, kẹ́ ẹ wá fi sínú ààrò làbó ní 103 Sẹ́síọ́ọ̀sì títí ìwọ̀n ẹ̀ ò fi ní yí padà mọ́. Ká ní 90 gíráàmù ló jẹ́ nígbà tó tútù, tó wá di 60 nígbà tó gbẹ, 30 ni omi tó lọ. Ẹ pín 30 yẹn fún 60, ìdajì nìyẹn, 50 nínú 100.

Ní òru ọjọ́ kẹsàn-án, ẹyọ kìíní dún "kàù", ọmọ iṣẹ́ ní òun rò pé olè ni. Ó ti là dé àárín. Èkejì là lẹ́yìn náà, àmọ́ tiẹ̀ kéré. Ẹ̀kẹta ya díẹ̀ létí. Ẹ̀kẹrin ò ṣe nǹkan kan.

Ìgbà yẹn la tó jẹ́ kí àlàyé wọlé, ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó sùn. Ojú ibi tí wọ́n gé ni ẹnu àwọn ihò tóótòòtóó tí igi fi ń fa omi wà, ibẹ̀ lomi ti ń yára jáde ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Ojú yẹn á gbẹ, á fẹ́ sún kì, inú ò tíì gbẹ, kò jẹ́ kó sún kì, wọ́n á máa fa ara wọn títí ọ̀kan á fi já. Àbẹ́là dí ẹnu ihò, ó ní kí omi rọra máa lọ. Ìdí kejì ni pé igi kì í sún kì bákan náà níbi gbogbo: bó ṣe ń sún kì yípo, lọ́nà tí òrùka ọjọ́ orí ẹ̀ gbà yí, máa ń tó nǹkan bí ìlọ́po méjì bó ṣe ń sún kì láti àárín síta. Tí àárín bá wà níbẹ̀, igi ò ní ọ̀nà mìíràn ju kó là lọ. Tẹ́ ẹ bá ti gbẹ́ àárín kúrò, ó ti ráyè fún ara ẹ̀.

Bàbá gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ó ní látìgbà tí bàbá òun ti wà láyé làwọn ti ń gbẹ́ inú ẹ̀ jáde, kó má baà wúwo lórí oníjó làwọn rò. Kò mọ̀ pé ohun méjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ nípa igi náà, ọmọ làbó wa, wá bi í: "Bàbá, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti fẹ́lẹ́ tó?" Bàbá na ìka méjì, ó fi tẹ inú ère lókè, ó fi tẹ̀ ẹ́ níbi àgbọ̀n. Ibi àgbọ̀n nípọn jù. Wọ́n wọn ère mẹ́fà tó wà nílé, gbogbo ẹ̀ nípọn níbi àgbọ̀n. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìdí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìbéèrè yẹn ni ọmọ náà sì gbé padà lọ sí làbó. Bàbá ní tiẹ̀, àbẹ́là ló mú lọ.

Ti aró, mi ò ní fà á gùn, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ti ìyá aláró kan. Ó ti sẹ́ omi eérú tán, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi àtàǹpàkò ra á, ó ní, "Ó ti ń yọ̀, ó ti tó." Onímọ̀ kẹ́míkà fa bébà pH yọ, èyí tó ń sọ bóyá omi kan tàbí ó rí bí omi eérú, ó tì í bọ̀ ọ́, 11. Omi tí pH ẹ̀ bá ga báyẹn máa ń sọ ọ̀rá ara di bí ọṣẹ, ohun tí Ìyá ń fọwọ́ gbọ́ nìyẹn. Wọ́n kó èlú sínú ìkòkò, ó kan, àwọn kòkòrò tí ojú ò rí jẹ atẹ́gùn inú ẹ̀ tán, aró wá yọ́ mọ́ omi, kò bulu mọ́. Aṣọ tí wọ́n tì bọ̀ ọ́ jáde bí ewé tútù, àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo pé ó ti bàjẹ́, Ìyá kàn gbé e sókè nínú afẹ́fẹ́, ó ń wò wọ́n. Ó di bulu lójú wọn.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìwé ọ̀rọ̀

Ẹ ra ìwé kan, ẹ fa ìlà sáàárín. Apá òsì, ohun tí onísáyẹ́ǹsì ń pè é. Apá ọ̀tún, ohun tí oníṣẹ́ ọnà ń pè é. Tí ọ̀kan ò bá ní orúkọ, kí wọ́n jọ wá a. Aró tó ti yọ́ mọ́ omi tí kò tíì bulu, tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè ní leuco-indigo, Ìyá aláró ló fún un lórúkọ: "aró tí ò tíì mí". Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè sọ ọ́ dáa jùyẹn lọ. Maikirosikóòpù, Bàbá pè é ní "ojú ìyá", gbogbo àgbà tó wà ńbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, àwa tó kù dákẹ́. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú àmì, kẹ́ ẹ sì fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà kan.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ gbé e síta

Nírọ̀lẹ́, nínú agbo ilé kan náà, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà tàbí ọjọ́ orò. Ẹ jìnnà sí àwọn ọjọ́ àjọ̀dún òrìṣà tó wà nínú oṣù kìíní, torí kò sẹ́ni tó máa ráyè tiyín. Ẹ tò gbogbo nǹkan sílẹ̀ kí àwọn èèyàn gbé e lọ́wọ́, igi tó là àti èyí tí ò là, aṣọ tó bulu àti èyí tó bàjẹ́. Ẹ má fi èyí tó bàjẹ́ pamọ́, òun làwọn ọmọdé máa ń bá sọ̀rọ̀ jù. Ẹ dán gbogbo ẹ̀rọ wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ sì ṣe ètò bíi pé iná ò ní sí, torí ó ṣeé ṣe kó má sí.

Tí ọ̀kọrin ẹ̀fẹ̀ kan, tó ń fi orin ṣe yẹ̀yẹ́ níbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bá wà nítòsí, ẹ jẹ́ kó fi yín kọrin. Tiwa kọ ọ́ nípa ọ̀mọ̀wé tó fi òṣùwọ̀n wọn igi bí ẹni ń wọn ẹran, tó ní òun fẹ́ mọ iye tí wọ́n máa tà á. Ọmọ làbó fẹ́ ṣubú lẹ́rìn-ín.

Ìgbésẹ̀ 9: Lẹ́yìn ẹ̀

Ẹ fi òṣùwọ̀n sílẹ̀ fún agbẹ́gilére. Ẹ má gbé e padà. Kò wọ́n tó ohun tẹ́ ẹ ná lórí oúnjẹ, mo sì rò pé nǹkan kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lóṣù tó kọjá mo ní ohun kan láti ṣe ní Kétu, mo wọ táksí gba ọ̀nà Pọ́bẹ̀ lọ, mo yà sọ́dọ̀ Bàbá. Ó ti fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára ògiri, ìlà mẹ́ta, igi mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe irú igi tí a lò. Mo bi í pé kí lèyí. Ó ní igi yẹn ń fúyẹ́ fún ọjọ́ méjìlá, ní ọjọ́ kẹtàlá ó tún wúwo sí i, òjò ò sì rọ̀. Ó ní kí n pe ọmọ òun tó wà ní làbó kó wá sọ ìdí ẹ̀ fóun, kó má sì gbàgbé àáké ẹ̀.